Candido da Rocha, Onílé Omi ní Kakawa

Bí a bá jókòó ti àgbàlagbà tí ó dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí sí Pópó Àgùdà, tí a ní kí ó ka àwọn olówó àtijọ́ fún wa, kò ní pẹ́ kí ó tó dárúkọ Candido João da Rocha. Yóò ní òun ni ó kọ́kọ́ di olówó mílíọ̀nù ní ilẹ̀ yìí. Yóò sì fi ìtàn aṣọ tì í lẹ́yìn, pé ọkọ̀ òkun ni ó ń kó aṣọ baba náà lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún fífọ̀, tí ó sì ń kó o padà wá fún un ní Èkó. Ẹnu ayé ni ìtàn yìí ti ń wá, ẹnu ayé a sì máa fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí kò béèrè iyọ̀. Síbẹ̀, a kì í sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ́ tálákà.

Ohun tí ó ń ká mi lára ni pé aṣọ tí wọ́n fọ̀ ní ìlú òyìnbó ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Kànga tí ó wà nínú ọgbà ilé rẹ̀ ni a kì í sábà mẹ́nu bà. Bẹ́ẹ̀, kànga náà ni ó sọ ilé wọn lórúkọ. Ilé Omi ni ilé náà ń jẹ́, Casa d'Água ní èdè Potogí. Ó wà ní òpópónà Kakawa ní Èkó. Ibẹ̀ ni ìdílé náà ń gbé, ibẹ̀ náà ni ìsọ̀ wọn, omi sì ni ọjà wọn. N ó gbìyànjú láti sọ ìtàn baba, ti ọmọ àti ti ilé náà pọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá yà wọ́n nípá yóò kàn bá ìtàn aṣọ lọ ni. Kí ará Ọ̀tà tàbí Sango-Ọ̀tà tí ó ń ka ìwé yìí má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará Èkó nìkan ni mo gbé kalẹ̀. Bí a bá dé ibi tí òwò omi náà gbé dópin, a ó rí i pé odò agbègbè wa wà nínú rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni baba Candido. Esan ni orúkọ rẹ̀ ní ilé. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú, tí wọ́n tà á, tí ọkọ̀ sì gbé e sọdá òkun lọ sí Bahia ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Àkókò náà burú fún ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, ogun ń jà káàkiri, àwọn tí wọ́n ń kó lójú ogun sì ń kún etí òkun. Èkó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ènìyàn wa lọ sí Bahia. Wọ́n pọ̀ ní ìlú Salvador tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè gbọ́ Yorùbá ní ojú pópó. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí àárín wọn gbé ìjà ko àwọn ọ̀gá wọn. Wọn kò borí. Láti ìgbà náà ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fi ojú burúkú wo ẹni dúdú tí ó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ọkọ̀.

Irú ẹrú kan wà ní Salvador tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó dé Kakawa. Olówó wọn kì í so wọ́n mọ́ oko. Wọn a jáde lọ wá iṣẹ́ ṣe ní ìgboro, wọn a ru ẹrù, wọn a ta oúnjẹ, wọn a pọn omi ní ìsun ìlú, wọn a sì máa kiri rẹ̀ láti ilé dé ilé. Iye tí olówó wọn bá bù fún wọn ni wọn yóò san ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di tiwọn. Ọ̀pọ̀ ni ó tọ́jú owó kékeré yìí fún ọdún púpọ̀ títí wọ́n fi ra ara wọn padà. Ní Bahia ìgbà náà, iṣẹ́ ẹrú ni omi kíkiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní Bahia náà ni wọ́n ti bí Candido, ní 1860. Angelica ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ọdún tí wọ́n bí i, Ọba Dòsùmú ni ó ni Èkó. Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún kan, ní 1861, ìlú náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1870 sí 1880 ni João Esan da Rocha kó aya àti ọmọ, tí ó wọ ọkọ̀ padà sí etíkun tí wọ́n ti gbé e kọjá ní kékeré bí ẹni gbé ẹrù. Ó ti gba orúkọ Potogí, ó sì ti gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí orúkọ Esan sọnù. Ó fi í sáàárín àwọn orúkọ òkèèrè náà títí ó fi kú.

Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí kò fi kọjá sí Iléṣà. Iléṣà wo? Ní 1870 ni ogun Ìbàdàn wọ ìlú náà, tí wọ́n sì kó o. Ní 1877 ni Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì para pọ̀ dojú kọ Ìbàdàn ní ogun Kírìjí. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ó sì di 1893 kí àgọ́ ogun tó tú pátápátá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti Bùràsíìlì dé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, Èkó ni ilé tí ó rí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà mìíràn wà níbẹ̀ bákan náà, tí wọ́n ń ti Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ lójú ogun.

Àgùdà ni ará Èkó ń pe àwọn tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé, Pópó Àgùdà sì ni wọ́n ń pe ibi tí púpọ̀ nínú wọn gbé tẹ̀dó. Wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ gidigidi: káfíńtà, bíríkìlà, télọ̀, alágbẹ̀dẹ. Bí ẹ bá rí ilé àtijọ́ ní Èkó tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó sí ara ògiri, ọwọ́ Àgùdà ni, tàbí ti ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àgùdà. Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà ni ó kọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ Kátólíìkì ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn náà ni wọ́n mú fùréjọ̀n wá, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí ará Èkó ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì Rere. N kò ní sọ̀rọ̀ oúnjẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí itọ́ má baà dà lẹ́nu àwọn kan.

Èkó jókòó sórí omi, síbẹ̀ omi mímu jẹ́ ìṣòro fún un. Iyọ̀ wà nínú omi ọ̀sà. Iyanrìn ni ilẹ̀ erékùṣù náà, kò sì ga. Bí a bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ti yọ. Ṣùgbọ́n omi tí kò jìnnà sójú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ṣáláńgá ń jò lọ bá. Bí ilé ti ń pọ̀ sí i ni kànga ń bàjẹ́ sí i, tí inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru sì ń bá ará ìlú gbé bí ìyekan.

Ibi tí João Esan ti rí ọ̀nà nìyí. Ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà sí Kakawa gẹ́gẹ́ bí àṣà Àgùdà, kànga sì wà nínú ọgbà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ta omi rẹ̀ fún ará ìlú. Àwọn kan ní òun ni kànga gidi àkọ́kọ́ ní Èkó. Èmi kò ní jà sí ti àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ó tó mi pé nínú gbogbo ohun tí ará Èkó ìbá fi pe ilé tí ó lẹ́wà bẹ́ẹ̀, omi ni wọ́n mú.

Òwò omi kò dàbí òwò aṣọ tàbí ti ọtí. Kò sí ọjà tí ń bọ̀ láti Liverpool tí ó lè rì sókun, kò sì sí ilé iṣẹ́ òyìnbó tí yóò sọ iye tí òun yóò gbé e fún ọ. Ilẹ̀ ni ó gbà, àti okùn, àti agbára apá, àti ẹni tí yóò jókòó ti ẹnu kànga láti àárọ̀ di alẹ́ kí owó má baà gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ará ilé ẹni ni ó yẹ. Òwò tí ìyàwó, ọmọ àti àwọn tí ń bá wọn gbé lè jọ mójú tó láì jáde kúrò nínú ọgbà ni.

Ẹ wá wo bí ayé ti yí. Ní Bahia, ẹni dúdú tí kò ní òmìnira ni ó ń ru omi lọ sí ẹnu ọ̀nà olówó. Ní Kakawa, ìránṣẹ́ olówó àti ọmọ tálákà jọ ń gbé korobá wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí. Mo gbà pé èyí kò ní ṣàì dùn mọ́ baba náà nínú.

Inú ilé yìí ni Candido dàgbà sí. CMS Grammar School, ilé-ìwé tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1859, ni baba rẹ̀ fi í sí. Ọmọ tí ó gbọ́ Potogí nínú ilé, Yorùbá ní ìta, àti Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, ó di dandan kí ó mọ bí a ti ń bá onírúurú ènìyàn dá owó. Moses, àbúrò rẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Edinburgh, ó sì ń fi kálámù jà fún ẹni dúdú nínú ìwé ìròyìn. Nínú ìran kan ṣoṣo, ilé tí ẹni tí wọ́n tà bí ọjà dá sílẹ̀ ti mú dókítà jáde. Èyí jọ mí lójú ju ìtàn aṣọ lọ fíìfíì.

Nígbà tí João Esan kú, Candido jogún nínú ohun tí ó ní. Ọ̀pọ̀ ọmọ olówó ni ń jogún, tí kì í pẹ́ tí ogún náà fi ń di ìtàn. Candido kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ra ilẹ̀, ó ní ilé káàkiri. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ Bonanza ní Customs Street, ó sì ní ilé oúnjẹ tí ń jẹ́ Restaurant Da Rocha. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń yá ènìyàn lówó.

Kí a tó dá ẹjọ́ olówó èlé, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọjà ti rí nígbà náà. Báńkì òyìnbó wà ní Èkó. Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ ní 1894. Ṣùgbọ́n oníṣòwò dúdú tí ó bá wọ báńkì lọ yá owó, ọwọ́ òfìfo ni ó sábà ń gbé jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni báńkì mọ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ti dé èbúté, tí owó kò sí lọ́wọ́ láti fi gbà á, ọ̀dọ̀ ẹni bíi da Rocha ni yóò sáré lọ, yóò sì fi ìwé ilé rẹ̀ dógò. Da Rocha tilẹ̀ bá J. H. Doherty, gbajúmọ̀ oníṣòwò, àti Sedu Williams da owó pọ̀ láti dá ilé ìyáwó sílẹ̀, kí wọ́n tó tú ká. A kì í ya ènìyàn lówó èlé kí gbogbo ìlú ó kọrin ẹni dáadáa. Ẹni tí gbèsè ká mọ́lé kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni tí ó yá a. Ẹni tí owó èlé gba ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń sọ olówó di gbajúmọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dé Ìjú. Gómìnà Walter Egerton ni ó gbé e kalẹ̀ pé kí ìjọba fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, kí ará ìlú sì máa san owó omi. Odò Ìjú ni wọ́n yàn. Ìjú kò jìnnà sí Ọ̀tà. Títí di òní, àdúgbò kan wà nílẹ̀ Ọ̀tà tí a ń pè ní Ìjú-Ọ̀tà. Láti ẹ̀yìnkùlé wa yìí ni wọ́n fẹ́ ti fi páìpù irin gbé omi lọ sí erékùṣù tí òkun àti ọ̀sà yí ká.

Ní 1908, ìlú dìde. Àwọn ará Èkó ní àwọn kò bẹ ẹnikẹ́ni fún omi ẹ̀rọ, pé Ọlọ́run ni ó ni omi, pé àwọn òyìnbó ni ó ń wá omi tí ara wọn yóò gbà, kí wọ́n sanwó rẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní bí ìjọba bá rí owó omi gbà lónìí, kò sí ohun tí kò ní rí gbà lọ́la. Dókítà J. K. Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà. Ìjọba kò dúró. Iṣẹ́ Ìjú parí ní 1915, ní 1916 ni wọ́n sì bu owó omi lé ìlú lórí. Àwọn obìnrin ti ọjà pa, ìlú dàrú. Nígbà tí àwọn olórí People's Union wá rọ ará ìlú pé kí wọ́n gbà, àwọn ènìyàn kẹ̀yìn sí wọn. Ìjà omi yìí sì wà lára ohun tí ó gbé Herbert Macaulay ga lójú ará Èkó.

Bí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, n kò lè ṣàì dúró díẹ̀. Èkó tí ó ń sọ pé a kì í sanwó omi, ṣebí ó ti ń rà á ní Ilé Omi fún ọdún púpọ̀ láìjà? Àwọn akọ̀wé kan a máa fi èyí rẹ́rìn-ín wọn, bí ẹni pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí ó ra korobá kan ní Kakawa, omi ni ó rù lọ sílé. Ó mọ iye tí ó san, ó mọ ẹni tí ó san án fún, bí kò bá sì fẹ́, kò ní lọ. Owó omi ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. O mu ún, o kò mu ún, ìwọ yóò san án, gómìnà tí ìwọ kò yàn ni yóò sì sọ iye rẹ̀. Òwò ni ti da Rocha; ti gómìnà, owó orí ni.

Ṣùgbọ́n omi kì í bá ènìyàn ṣe ìṣèlú. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí yọ omi, àwọn ènìyàn gbé korobá lọ sídìí rẹ̀. Omi Ìjú mọ́, ó sì pọ̀. Kànga inú ọgbà kan kò lè bá a dù ú. Bí òwò tí ó sọ Ilé Omi lórúkọ ṣe rọlẹ̀ nìyẹn. Ó bọ́ sí i fún Candido pé kì í ṣe ẹnu kànga nìkan ni ó jókòó tì. Ilẹ̀ àti ilé rẹ̀ kò gbẹ.

Ẹni tí ó bá rò pé irú òwò bẹ́ẹ̀ ti kú, kí ó rìn ní ìgboro Sango àti Ọ̀tà ní òwúrọ̀. Yóò rí ilé tí wọ́n ti yọ ẹnu ẹ̀rọ síta lára ògiri ọgbà, tí àwọn ọmọdé ń to kẹ́ẹ̀gì síwájú rẹ̀, tí ará ilé kan sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ń gba owó. Ìlú tí odò agbègbè rẹ̀ ti ń fún Èkó lómi láti 1915, tí ilé iṣẹ́ ńláńlá sì kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé rẹ̀ ni ó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fúnra wọn kí wọ́n tó rí omi lò. Ẹni tí kò bá ní agbára èyí, yóò rà lọ́dọ̀ aládùúgbò. João Esan ìbá dé Sango lónìí, kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Candido pẹ́ láyé púpọ̀. Iléṣà kò bí i, ogun kò sì jẹ́ kí baba rẹ̀ tètè rí ibẹ̀ padà sí, ṣùgbọ́n ó joyè Lodifi ti Iléṣà. N kò rò pé owó rẹ̀ ra ohun kan tí ó tó èyí. Wọ́n jí Esan gbé kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní kékeré láìní orúkọ kankan lójú ayé, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sókè òkun sì di ìjòyè Ìjẹ̀ṣà. Ní 1959 ni Candido kú, ó ku díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì ku ọdún kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀, ó sì fi Ilé Omi sílẹ̀ fún wọn.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ará Bùràsíìlì, wá ṣiṣẹ́ ní ilé aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Èkó. Ó gbọ́ ìtàn àwọn Àgùdà, ó rí ilé wọn, ó sì kọ ìtàn àròsọ tí ó pè ní A Casa da Água, èyí tí ó jáde ní 1969. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Mariana ni ó fi ṣe olórí ìtàn rẹ̀, òun ni ó sì jẹ́ kí ó gbẹ́ kànga tí ó ń ta omi rẹ̀. Àwọn kan lè bínú pé ó gba kànga lọ́wọ́ ọkùnrin fún obìnrin. Èmi kò bínú. Nínú òwò tí a ń ṣe láàárín ọgbà, ta ni ó ń wà lẹ́nu kànga jù? Nípa ìwé náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun fi mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Èkó, nígbà tí púpọ̀ nínú wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì wo òkè.

Ilé Àgùdà mìíràn wà ní Tinubu Square tí òun náà jẹ́ ìsọ̀ àti ibùgbé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn Fernandez ni wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n fi ń ṣe ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Ní 1933 ni wọ́n tà á fún ìdílé Ọláìyá, a sì wá mọ̀ ọ́n sí Ilọ́jọ̀ Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní 1956 gẹ́gẹ́ bí ilé tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú fún ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n fi katakata wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. Ní ọdún náà, Ilé Omi ṣì dúró ní Kakawa, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀.